Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ awakọ̀ forklift ní ibi iṣẹ́

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ awakọ̀ forklift ni ẹ̀kọ́, ìfidánrawò àti àyẹ̀wò tí òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ là kọjá kí agbanisíṣẹ́ tó lè fi ọkọ̀ forklift lé e lọ́wọ́. Forklift jẹ́ ọkọ̀ kúkúrú, alágbára, tí ó ní àmúga irin méjì níwájú. Òun ni a fi ń gbé ẹrù sókè, tí a fi ń gbé e láti ibì kan sí ibòmíràn, tí a sì fi ń to ẹrù léra ní ilé ìkẹ́rùsí, ní èbúté ọkọ̀ ojú omi, ní ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ àti ní àwọn ilé ìtajà ńlá. Ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ìlànà ìjọba àpapọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 29 CFR 1910.178 ni ó la ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí sílẹ̀, Àjọ Ààbò àti Ìlera Lẹ́nu Iṣẹ́, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí OSHA, ni ó sì ń rí i pé àwọn agbanisíṣẹ́ tẹ̀ lé e.

Ìlànà náà kò ka ìmọ̀ wíwa forklift sí ohun tí ènìyàn lè gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ó sì máa gbé e kiri láti ibi iṣẹ́ kan dé òmíràn. Ó so ìmọ̀ náà mọ́ nǹkan mẹ́ta: awakọ̀ fúnra rẹ̀, irú ọkọ̀ tí ó ń wà, àti ibi tí ó ti ń wà á. Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá yí padà, awakọ̀ ní láti tún ẹ̀kọ́ kọ́ ní apá tí ìyípadà náà kàn. Nítorí èyí, ọrùn agbanisíṣẹ́ ni òfin gbé ẹrù ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kọ́, kì í ṣe ọrùn òṣìṣẹ́.

Ìdí tí forklift fi yàtọ̀ sí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́

Ẹni tí ó ti ń wa ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ fún ọdún púpọ̀ lè rò pé forklift kò lè ṣòro fún òun. Ìjókòó, sítíárìn àti bíréèkì wà nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti wà nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ìjọra yìí gan-an ni ó ń tan ènìyàn jẹ, ìdí sì nìyẹn tí ìlànà OSHA fi dárúkọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ọkọ̀ méjèèjì gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn ohun tí a gbọ́dọ̀ kọ́ awakọ̀.

Ìyàtọ̀ àkọ́kọ́ ni pé taya ẹ̀yìn ni forklift fi ń yí. Bí awakọ̀ bá yí sítíárìn, ìdí ọkọ̀ ni yóò kọ́kọ́ fì sí ẹ̀gbẹ́, ó sì lè gbá ẹni tí ó dúró nítòsí tàbí kí ó kọlu àkójọ ẹrù tí awakọ̀ kò wò rárá. Ìyàtọ̀ kejì ni ìwúwo. Forklift tí ó lè gbé 5,000 pọ́n-ùn, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bíi 2,270 kílógíráàmù, lè wúwo tó 4,000 kílógíráàmù nígbà tí kò tíì gbé ohunkóhun. Irin ńlá tí wọ́n fi sí ìdí rẹ̀ láti bá ẹrù iwájú dọ́gba ni ó fa ìwúwo yìí, òun náà ni kì í jẹ́ kí ọkọ̀ náà tètè dúró bí ènìyàn bá ṣàdédé yọ síwájú rẹ̀. Ìyàtọ̀ kẹta ni pé ẹrù tí ó wà níwájú lè dí awakọ̀ lójú. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn ni ó yẹ kí ó máa fi rìn, kí ó sì kọjú sí ibi tí ó ń lọ.

Ìyàtọ̀ tí ó ga jù lọ wà nínú ìdúróṣinṣin ọkọ̀ náà. Ẹni tí ó bá ti ru ẹrù rí mọ̀ pé bí ẹrù bá fì sí apá kan, gbogbo ara ni ó ń bá a fì. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún forklift. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé taya mẹ́rin ni ó wà lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, ojú mẹ́ta péré ni ara ọkọ̀ fi jókòó lé wọn: taya iwájú méjì, àti ojú kan ní àárín irin tí ó so taya ẹ̀yìn pọ̀. Bí a bá fa ìlà láti ojú kan dé èkejì, àwòrán onígun mẹ́ta ni yóò jáde. Níwọ̀n ìgbà tí àárín ìwúwo ọkọ̀ pẹ̀lú ẹrù rẹ̀ bá wà nínú igun mẹ́ta yìí, ọkọ̀ kò ní ṣubú. Bí ó bá bọ́ sí iwájú rẹ̀, ọkọ̀ yóò dojú dé. Bí ó bá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, ọkọ̀ yóò fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Bí a bá ṣe ń gbé ẹrù sókè sí i ni àárín ìwúwo náà ń ga sí i, tí kò sì ní gba agbára púpọ̀ mọ́ láti tì í jáde. Yíyí lójijì, ilẹ̀ tí ó dagun, tàbí taya kan tí ó bọ́ sí kòtò lè ṣe é. Kódà forklift tí kò gbé ẹrù kankan lè ṣubú bí awakọ̀ bá fi eré sísá yí i.

Bí ẹrù bá ṣe jìnnà sí ara ọkọ̀ tó náà tún ṣe pàtàkì. Ká sọ pé 40 sẹ̀ǹtímítà ni ó wà láàrin taya iwájú àti ìdí àmúga, tí àárín ẹrù tí ó wọn 1,000 kílógíráàmù sì wà ní 60 sẹ̀ǹtímítà sí ìdí àmúga náà. Àpapọ̀ jíjìnnà rẹ̀ sí taya iwájú jẹ́ 100 sẹ̀ǹtímítà. Bí a bá wá gbé ẹrù mìíràn tí òun náà wọn 1,000 kílógíráàmù, ṣùgbọ́n tí ó gùn débi pé àárín rẹ̀ wà ní 90 sẹ̀ǹtímítà sí ìdí àmúga, jíjìnnà rẹ̀ di 130 sẹ̀ǹtímítà. Ipá tí ẹrù kejì fi ń fa ọkọ̀ síwájú yóò bá ti ẹrù 1,300 kílógíráàmù dọ́gba ní ojú àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n kan náà ni àwọn ẹrù méjèèjì ní. Nítorí náà ni a fi ń kọ́ awakọ̀ láti ka àwo ìsọfúnni tí ó wà lára ọkọ̀, níbi tí wọ́n ti kọ iye ìwúwo tí ọkọ̀ lè gbé àti bí àárín ẹrù náà ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà tó. Ìmọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí ojú lásán lè fi mọ̀.

Ewu tí ó bí ìlànà náà

Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà lórí ààbò àti ìlera lẹ́nu iṣẹ́, tí a mọ̀ sí NIOSH, ṣe àkójọ ikú tí forklift fà láàrin ọdún 1980 sí 1994. Òṣìṣẹ́ 1,021 ni wọ́n kà. Nínú wọn, ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún kú nígbà tí forklift ṣubú. Ìdá 20 jẹ́ àwọn tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn tí forklift sì kọlù. Ìdá 16 jẹ́ àwọn tí forklift tẹ̀ tàbí fún pa, ìdá 9 sì jẹ́ àwọn tí wọ́n já bọ́ láti orí rẹ̀.

Iye wọ̀nyí fi hàn pé ẹni tí ẹ̀kọ́ awakọ̀ ń dáàbò bò kì í ṣe awakọ̀ nìkan. Òṣìṣẹ́ kan nínú márùn-ún tí ó kú jẹ́ ẹni tí kò sí nínú ọkọ̀ rárá. Ẹni tí ó ń gbálẹ̀, ẹni tí ó ń ka ẹrù, àti awakọ̀ tírélà tí ó sọ̀kalẹ̀ láti gba ìwé rẹ̀, gbogbo wọn ni ẹ̀mí wọn gbára lé ohun tí awakọ̀ forklift mọ̀.

Ìtàn ìlànà náà

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún 1970 ni Ààrẹ Richard Nixon fọwọ́ sí òfin ààbò àti ìlera lẹ́nu iṣẹ́, èyí tí ó bí àjọ OSHA. Ní ọdún 1971, àjọ náà gba àwọn ìlànà kan wọlé lórí àwọn ọkọ̀ agbẹ́rù ilé-iṣẹ́. Ohun tí ìlànà ìgbà náà sọ nípa ẹ̀kọ́ kéré púpọ̀: kìkì pé àwọn tí wọ́n ti kọ́ṣẹ́ nìkan ni kí a jẹ́ kí wọ́n wa ọkọ̀ náà, kí a sì wá ọ̀nà láti kọ́ wọn. Kò sọ ohun tí wọn yóò kọ́, kò sọ ẹni tí yóò kọ́ wọn, kò sì sọ bí a ó ṣe mọ̀ pé wọ́n ti mọ̀ ọ́n.

Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá ọdún 1998, OSHA gbé ìlànà tuntun jáde, èyí tí ó fi ìlà àlàyé kíkún rọ́pò ọ̀rọ̀ kúkúrú náà. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta ọdún 1999, wọ́n sì fún àwọn agbanisíṣẹ́ ní àyè títí di ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá ọdún kan náà láti rí i pé àwọn awakọ̀ tí wọ́n ti wà lẹ́nu iṣẹ́ gba ẹ̀kọ́ tí wọ́n sì yege nínú àyẹ̀wò. Ìlànà náà kan ilé-iṣẹ́ gbogboogbò, iṣẹ́ ìkọ́lé, ibi tí a ti ń kan ọkọ̀ ojú omi àti iṣẹ́ èbúté. Kò kan iṣẹ́ àgbẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ kan, bíi California, ní àjọ tiwọn tí ó ń mójú tó ààbò lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n ìlànà wọn kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ ju ti ìjọba àpapọ̀ lọ.

Ẹni tí ó lè wa forklift

Lábẹ́ òfin iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́ ní Amẹ́ríkà, ẹni tí kò bá tíì pé ọmọ ọdún 18 kò gbọdọ̀ wa forklift ní iṣẹ́ tí kì í ṣe ti àgbẹ̀, ì báà jẹ́ pé ó ti gba ẹ̀kọ́. Ẹni tí ó ti pé ọdún náà lè wà á bí agbanisíṣẹ́ bá ti kọ́ ọ, tí ó sì ti yẹ̀ ẹ́ wò pé ó mọ̀ ọ́n.

Ẹni tí ó ṣì ń kọ́ṣẹ́ lè jókòó sórí ọkọ̀ pẹ̀lú ìdúró méjì. Èkíní, ẹni tí ó ní ìmọ̀, ẹ̀kọ́ àti ìrírí gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ ní tààrà. Èkejì, ibi tí ó ti ń dánra wò kò gbọdọ̀ jẹ́ ibi tí yóò ti fi ara rẹ̀ tàbí àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn sínú ewu. Kí ọ̀gá kan ju kọ́kọ́rọ́ sí òṣìṣẹ́ tuntun ní ọjọ́ tí iṣẹ́ pọ̀, kí ó ní kí ó máa kọ́ ọ bí ó ti ń ṣe é, lòdì sí òfin.

Apá mẹ́ta ìdánilẹ́kọ̀ọ́

Ìlànà náà béèrè apá mẹ́ta, kò sì gbà kí a fi ọ̀kan rọ́pò èkejì.

Apá àkọ́kọ́ ni ẹ̀kọ́ àfẹnusọ àti àkàwé. Èyí lè jẹ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nínú yàrá, ìjíròrò, fídíò, ẹ̀kọ́ orí kọ̀ǹpútà tàbí ìwé kíkà.

Apá kejì ni ìfidánrawò. Olùkọ́ yóò kọ́kọ́ fi bí a ti ń ṣe é hàn, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì ṣe é lójú rẹ̀: yíyẹ ọkọ̀ wò, gbígbé ẹrù àti sísọ ọ́ kalẹ̀, gbígba ọ̀nà tóóró kọjá, gígun ibi gíga àti sísọ̀kalẹ̀, títi dé ìdúró ọkọ̀ sí ààyè rẹ̀.

Apá kẹta ni àyẹ̀wò bí awakọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ní ibi iṣẹ́ gan-an. Níhìn-ín ni a ti ń mọ̀ bóyá ohun tí ó sọ nínú yàrá bá ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe mu.

Nítorí èyí, ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan kò tó. Ó lè kún ojú àpá àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kò sí kọ̀ǹpútà tí ó lè sọ fún agbanisíṣẹ́ pé òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń fọn fèrè bí ó bá dé oríta láàrin àwọn àtẹ ẹrù.

Ohun tí awakọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́

Ìlànà náà pín ohun tí a ó kọ́ sí ọ̀nà méjì pàtàkì, ó sì gba agbanisíṣẹ́ láàyè láti yọ kìkì èyí tí ó bá lè fi hàn pé kò kan ibi iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀nà kìíní ni ohun tí ó jẹ mọ́ ọkọ̀:

- ìtọ́ni, ìkìlọ̀ àti ìṣọ́ra tí ó bá irú ọkọ̀ náà mu;
- ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin rẹ̀ àti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́;
- ibi tí àwọn ohun ìdarí wà àti bí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́;
- bí ẹ́ńjìnnì tàbí mọ́tò rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́;
- yíyí ọkọ̀ àti dídarí rẹ̀;
- bí awakọ̀ ti lè ríran tó, pàápàá nígbà tí ẹrù bá wà níwájú;
- lílo àmúga àti àwọn irin àfikún tí a lè so mọ́ ọn;
- iye ìwúwo tí ọkọ̀ lè gbé, àti ìdúróṣinṣin rẹ̀;
- àyẹ̀wò àti ìtọ́jú tí awakọ̀ fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe;
- bí a ti ń rọ epo sí i tàbí bí a ti ń fi iná sí bátìrì rẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni ohun tí ó jẹ mọ́ ibi iṣẹ́:

- bí ilẹ̀ ibẹ̀ ti rí;
- irú ẹrù tí wọn ń gbé, àti bóyá ó lè dúró dáadáa;
- bí a ti ń to ẹrù léra àti bí a ti ń tú u;
- ibi tí àwọn ènìyàn ń gbà fẹsẹ̀ rìn kọjá;
- ọ̀nà tóóró àti àwọn ibi há-há mìíràn;
- ibi tí ohun tí ó lè gbiná tàbí bú gbàmù wà;
- ibi gíga àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ó lè ba ìdúróṣinṣin ọkọ̀ jẹ́;
- ibi tí atẹ́gùn kò ti ráyè wọlé, níbi tí èéfín ẹ́ńjìnnì lè kó jọ kí ó sì ṣe ènìyàn ní jàǹbá.

Ọ̀nà kejì yìí ni ó jẹ́ kí ẹ̀kọ́ ibi iṣẹ́ kan má lè tó fún òmíràn. Ẹni tí ó ti wa forklift oníbátìrì fún ọdún mẹ́wàá lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú nínú ilé ìkẹ́rùsí kò tíì mọ ohunkóhun nípa àgbàlá tí òjò ti sọ di ẹrẹ̀. Àwọn ọkọ̀ náà sì yàtọ̀ síra. Oríṣi méje ni wọ́n pín wọn sí ní Amẹ́ríkà, láti orí kékeré tí a ń fẹsẹ̀ tẹ̀ lé lẹ́yìn títí dé àwọn onítaya ńlá tí a fi ń ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ págunpàgun níbi ìkọ́lé. Ẹni tí ó mọ ọ̀kan ní láti kọ́ òmíràn.

Àwọn òfin ìwakọ̀ tí ẹ̀kọ́ dá lé

Yàtọ̀ sí ẹ̀kọ́, ìlànà 1910.178 ní àwọn òfin ìwakọ̀ tí a gbọ́dọ̀ fi kọ́ awakọ̀. A gbọ́dọ̀ yẹ ọkọ̀ wò lójoojúmọ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Bí ó bá sì jẹ́ pé tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń lò ó, a ó máa yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bá parí iṣẹ́. Èyí tí ó bá ní àbùkù kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ títí wọn yóò fi tún un ṣe. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dúró tàbí kọjá lábẹ́ àmúga tí ó wà lókè, ì báà gbé ẹrù tàbí kí ó ṣófo. A kò gbọdọ̀ gbé èrò tí a kò fún láàyè.

Ní oríta àti níbi tí ojú kò ti tó ọ̀nà, awakọ̀ gbọ́dọ̀ rọra kí ó sì fọn fèrè. Ó gbọ́dọ̀ fi àyè tí ó tó gígùn ọkọ̀ mẹ́ta sílẹ̀ sí ẹ̀yìn ọkọ̀ tí ó wà níwájú. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ó ju ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ẹrù ni ó gbọ́dọ̀ kọjú sí òkè, ì báà jẹ́ pé ọkọ̀ ń gòkè tàbí ó ń sọ̀kalẹ̀. Bí awakọ̀ bá rìn ju ẹsẹ̀ bàtà 25 lọ sí ọkọ̀ rẹ̀, tàbí tí kò bá rí i mọ́, a ti kà á sí pé ó fi ọkọ̀ náà sílẹ̀. Kí ó tó lọ, ó gbọ́dọ̀ sọ àmúga kalẹ̀ pátápátá, kí ó fi ohun ìdarí sí ipò àìrìn, kí ó pa ẹ́ńjìnnì, kí ó sì fa bíréèkì.

Ọ̀kan nínú ẹ̀kọ́ tí ó ṣòro jù láti gbìn sí ènìyàn lọ́kàn ni ohun tí ó yẹ kí ó ṣe bí ọkọ̀ bá ń ṣubú. Ohun tí ọkàn yóò sọ ni pé kí ó bẹ́ sílẹ̀. Bí ó bá bẹ́ láti inú forklift oníjókòó, ibi tí ọkọ̀ ń ṣubú sí ni ó máa ń bọ́ sí, irin tí ó wà lókè orí ìjókòó a sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. A ń kọ́ awakọ̀ pé kí ó má ṣe bẹ́: kí ó di bẹ́líìtì ìjókòó rẹ̀ nígbà gbogbo, kí ó di sítíárìn mú ṣinṣin, kí ó fi ẹsẹ̀ tilẹ̀, kí ó sì tẹ̀ sí òdìkejì ibi tí ọkọ̀ ń ṣubú sí. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ irú èyí tí a ń dúró wà, tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wà lẹ́yìn, ẹ̀yìn ni ó yẹ kí awakọ̀ gbà sọ̀kalẹ̀. Ìtọ́ni tí ó gba ẹni kan là nínú ọkọ̀ kan lè pa á nínú òmíràn.

Olùkọ́ àti èdè ìkọ́ni

OSHA kò yan olùkọ́, kì í sì í fún olùkọ́ ní ìwé àṣẹ. Ìlànà náà béèrè pé kí ẹni tí ó ń kọ́ni tí ó sì ń yẹni wò ní ìmọ̀, ẹ̀kọ́ àti ìrírí tí ó tó fún iṣẹ́ náà. Ó lè jẹ́ àgbà òṣìṣẹ́ nínú ilé-iṣẹ́ kan náà, ó sì lè jẹ́ ẹni tí wọ́n bẹ̀ wá láti ìta. Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ ará ìta, agbanisíṣẹ́ ṣì ni òfin yóò mú bí ẹ̀kọ́ kò bá pé. Níbi tí ilé-iṣẹ́ aláròókọjá bá ti yá ilé-iṣẹ́ mìíràn ní òṣìṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ru ẹrù náà: ẹni tí ó yá wọn lè pèsè ẹ̀kọ́ gbogboogbò, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni ibi iṣẹ́ ni ó lè kọ́ni ní ohun tí ó jẹ mọ́ ibẹ̀.

Ní ọdún 2010, OSHA kéde pé ibikíbi tí ìlànà rẹ̀ bá ti béèrè ẹ̀kọ́, a gbọ́dọ̀ ṣe é ní èdè àti ní ọ̀nà tí òṣìṣẹ́ fi lè gbọ́ ọ yé. Bí òṣìṣẹ́ kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, fídíò Gẹ̀ẹ́sì tí ó wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kò di ẹ̀kọ́. Bí kò bá sì mọ̀wé kà, ìwé tí wọ́n kó lé e lọ́wọ́ kò dẹ̀kọ́ pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ yìí kan ọmọ Yorùbá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Amẹ́ríkà gẹ́gẹ́ bí ó ti kan àwọn àlejò mìíràn: ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé ohun tí wọ́n wí kò yé òun, kí wọ́n sì ṣàlàyé rẹ̀ títí yóò fi yé e.

Àyẹ̀wò, ìwé ẹ̀rí àti àtúnkọ́

Lẹ́yìn tí awakọ̀ bá ti yege, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ ìwé ẹ̀rí. Ohun mẹ́rin ni ó gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀: orúkọ awakọ̀, ọjọ́ tí ó gba ẹ̀kọ́, ọjọ́ tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, àti ẹni tí ó kọ́ ọ tàbí tí ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀kan láàrin ọdún mẹ́ta ni wọ́n gbọ́dọ̀ tún yẹ bí awakọ̀ kọ̀ọ̀kan ti ń ṣiṣẹ́ wò.

Ṣùgbọ́n a kì í dúró di ọdún mẹ́ta bí ìdí bá wà. Àtúnkọ́ di dandan:

- bí wọ́n bá rí awakọ̀ tí ó ń wa ọkọ̀ ní ọ̀nà tí ó léwu;
- bí ó bá ní ìjàǹbá, tàbí tí ó kù díẹ̀ kí ó ní in;
- bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé kò ṣe é bí ó ti yẹ;
- bí wọ́n bá gbé irú ọkọ̀ mìíràn fún un;
- bí ohun kan bá yí padà ní ibi iṣẹ́ tí ó lè kan ààbò ìwakọ̀.

Ohun tí ó kù díẹ̀ kí ó ṣẹlẹ̀ ní iyì nínú àkójọ yìí bí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Àtẹ ẹrù tí ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bì lulẹ̀ jẹ́ ìkìlọ̀ tí ó wá láìgba ẹ̀mí ẹnikẹ́ni. Àtúnkọ́ kò ní láti bẹ̀rẹ̀ láti òkèèrè; apá tí ó kù díẹ̀ káàtó nìkan ni òfin béèrè. Bákan náà ni kò pọn dandan láti tún kọ́ awakọ̀ tuntun ní ohun tí ó ti kọ́ níbòmíràn, bí ẹ̀kọ́ náà bá bá ọkọ̀ àti ibi iṣẹ́ tuntun mu, tí àyẹ̀wò sì fi hàn pé ó mọ̀ ọ́n.

Àṣìmọ̀ nípa káàdì àti láísẹ́ǹsì

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìjọba Amẹ́ríkà ń fúnni ní láísẹ́ǹsì forklift, àwọn kan sì ń ta káàdì tí wọ́n pè ní ti OSHA. OSHA kì í fún awakọ̀ forklift ní láísẹ́ǹsì tàbí ìwé ẹ̀rí. Agbanisíṣẹ́ nìkan ni ó lè jẹ́rìí sí i pé òṣìṣẹ́ òun lè wa irú ọkọ̀ kan ní ibi iṣẹ́ òun. Láísẹ́ǹsì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ náà kò dúró fún un.

Káàdì tí ènìyàn gbà ní ilé ẹ̀kọ́ lè fi hàn pé ó ti gba ẹ̀kọ́ àfẹnusọ, ó sì lè ràn án lọ́wọ́ láti ríṣẹ́. Àmọ́ kò lè gba ipò àyẹ̀wò ibi iṣẹ́. Ẹni tí ó fi owó ra káàdì ní ìrètí pé iṣẹ́ ti bọ́ sọ́wọ́ òun lè rí i pé ilé-iṣẹ́ tí ó gbà á yóò tún kọ́ ọ. Ilé-iṣẹ́ tí kò bá kọ́ ọ, tí ó kàn wo káàdì rẹ̀ tí ó sì fún un ní kọ́kọ́rọ́, ni ó ń rú òfin.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Nàìjíríà

Ní Great Britain, òfin ìlera àti ààbò lẹ́nu iṣẹ́ ti ọdún 1974 àti ìlànà lílo irinṣẹ́ ti ọdún 1998 ni wọ́n sọ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ di dandan fún agbanisíṣẹ́. Àjọ ìlera àti ààbò ibẹ̀, HSE, sì ní ìwé ìlànà kan tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ L117 fún àwọn forklift tí awakọ̀ ń gùn. Ìwé náà pín ẹ̀kọ́ sí ìpele mẹ́ta: ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, ẹ̀kọ́ tí ó bá iṣẹ́ pàtó mu, àti ìmójúmọ́ra, níbi tí awakọ̀ ti ń lo ohun tí ó kọ́ ní ibi iṣẹ́ lábẹ́ àbójútó. Bí ó ti rí ní Amẹ́ríkà, agbanisíṣẹ́ ni ó ń fún awakọ̀ ní àṣẹ láti wa ọkọ̀.

Ní Nàìjíríà, níbi tí forklift ti ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Apapa àti ní àwọn ilé-iṣẹ́ Ìkẹjà, Òfin Àwọn Ilé-iṣẹ́ Ẹ̀rọ, tí ó wà nínú àkójọ òfin àpapọ̀ ti ọdún 2004, gbé ìlànà gbogboogbò kalẹ̀. A kò gbọdọ̀ fi òṣìṣẹ́ sí ìdí ẹ̀rọ tí ó lè ṣe é léṣe bí a kò bá tíì ṣàlàyé ewu rẹ̀ àti ìṣọ́ra tí ó yẹ fún un. Lẹ́yìn àlàyé yìí, ó gbọ́dọ̀ ti gba ẹ̀kọ́ tí ó tó lórí ẹ̀rọ náà, tàbí kí ó wà lábẹ́ àbójútó ẹni tí ó mọ̀ ọ́n dunjú.

Ọ̀nà tí orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbà kọ òfin wọn yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Bí forklift bá ṣubú, kí a tó béèrè bóyá awakọ̀ ní káàdì, ohun tí òfin fẹ́ mọ̀ ni ẹni tí ó kọ́ ọ, ibi tí wọ́n ti kọ́ ọ, àti ẹni tí ó dúró wò ó títí ó fi dá a lójú pé ó mọ̀ ọ́n.